Mi Ò Gba Méjìdínlógún

Ọjọ́ Ajé, 8 Ṣẹ́rẹ́

Bora, afẹ́fẹ́ líle ìlú Trieste wa, bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ti ju alùpùpù mẹ́ta sílẹ̀ níwájú ilé wa, bọ́ọ̀sì mi sì ń mì bí ọkọ̀ ojú omi bí mo ṣe ń bá etí òkun lọ sí Barcola. Obìnrin kan wọlé, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ní fìlà òun á ti dé Venice báyìí.

Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù fún mi ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé: ti ọ̀jọ̀gbọ́n Zanier. Mo ti yege nínú gbogbo ìyókù, títí kan ìṣirò tó pa mí lẹ́kún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Zanier máa jókòó dán wa wò ní ìgbà òtútù yìí: àárín oṣù yìí, ìbẹ̀rẹ̀ Èrèlé, ìparí Èrèlé. Bí mi ò bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó parí nìyẹn, torí ọ̀gá wa tuntun níbi iṣẹ́ ti sọ pé òun ò ní fọwọ́ sí i mọ́ pé kí n máa kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ kàwé.

Ó ní, "Ìyáàfin Vascotto, ṣé awakọ̀ la gbà síṣẹ́ ni àbí ọ̀mọ̀wé?"

Mo ní, "Awakọ̀ lẹ gbà. Ẹ ò sọ pé kó jẹ́ òpè."

 Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn bí mo bá ń jáde.

Ọjọ́bọ̀, 11 Ṣẹ́rẹ́

Èmi àti Nives kàwé pọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, láti abúlé kan lórí òkè Carnia. Ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé. Bí ìdánwò tó yege bá pé iye tí wọ́n ń béèrè kí Èrèlé tó parí, ibùsùn àti oúnjẹ rẹ̀ ò ní wọ́n. Bí kò bá pé, wọ́n á ní kó kó ẹrù. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ló wá jókòó tì mí ní kíláàsì, nítorí pé àga mi ló sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná jù. Odidi ọdún kan ló fi ń pè mí ní ìyáàfin. Ní báyìí, Àǹtí ni.

Kọfí ti di yúrò kan àti àádọ́ta sẹ́ńtì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lábẹ́ ẹ̀ka wa. Nives ní kí n ya ìlà bí owó rẹ̀ ṣe gòkè fún òun. Mo yà á sórí bébà ìnuwọ́. Ó wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, kò mú kí ó dùn sí i."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Ṣẹ́rẹ́

Mo fìdí rẹmi.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀yìn yàrá bí ìṣe wọn, kálukú ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi ẹni tó wà níwájú. Zanier bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì. Ọkùnrin náà tínrín, kì í gbé ohùn sókè rárá. Ó bi mí nípa ọjà tí ilé iṣẹ́ méjì péré ń tà, bí ọ̀kan ṣe ń wo ojú èkejì kó tó dá iye lé ọjà rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Duilio ọkọ mi lórí ibùsùn títí ó fi sùn. Ṣùgbọ́n ahọ́n mi kọ̀, ó dúró sí ẹnu mi bí bọ́ọ̀sì tí epo rẹ̀ tán.

Ó ní, "Ẹ máa lọ, ìyáàfin. Ẹ padà wá nígbà mìíràn." Mi ò bínú sí ìyẹn. Ó tọ́ sí mi.

Ìgbà tí mo ń gbé báàgì mi ló wá fi kún un, "Kí ló tilẹ̀ dé tí ẹ ń ṣe èyí, ní ọdún mọ́kànléláàádọ́ta?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Mo ní, "Ohun tó mú ẹ̀yin náà ṣe é ni, ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Nives kò jókòó síwájú rẹ̀ lónìí. Ó ní òun á dúró de ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́rú, 17 Ṣẹ́rẹ́

 Duilio se ọbẹ̀ jota, ẹ̀wà rẹ̀ pọ̀, ewébẹ̀ kíkan rẹ̀ pọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Ṣẹ́rẹ́

Ọkọ mi ti ń fi ọ̀rọ̀ kan sẹ́nu láti ìjẹta. Iṣẹ́ èbúté ni Duilio ṣe títí eékún rẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ilé ìdáná ni ọ́fíìsì rẹ̀. Lónìí ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ondina, ọkùnrin yẹn ń gba owó oṣù bí o yege, ó ń gbà á bí o kùnà."

"Mo mọ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí yẹn ṣe? Ṣé bọ́ọ̀sì á yára sí i ni?"

"Bọ́ọ̀sì ò ní yára sí i."

"Kí ló wá dé?"

Ó mọ ohun tó dé. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni. Nígbà tí àwa awakọ̀ ń bá ilé iṣẹ́ jà lórí owó ọ̀yà, wọ́n lọ mú ọkùnrin kan wá tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú. Ó fi ẹ̀rọ àfihàn oníná ya ìlà méjì sára ògiri, ó ní bí wọ́n bá fi kún owó wa, ìdajì wa á padà sílé.  Àwa tí a ti ń pariwo láti àárọ̀, ìlà méjì pa wá lẹ́nu mọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó lè kà á nínú wa. A fọwọ́ sí ohun tí wọ́n fún wa. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé.

Mo ní, "Kò sí ẹni tó tún máa fi àwòrán pa mí lẹ́nu mọ́, Duilio."

Ó mú ṣíbí rẹ̀. "Ó dáa. Jẹun, kí o lọ kàwé."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Ṣẹ́rẹ́

Mo rí i. Ìdáhùn sí ìlà méjì yẹn wà ní orí tó gbẹ̀yìn ìwé kíláàsì wa, orí tí kò sí ẹni tó ń kà nítorí pé Zanier kò fi í sínú iṣẹ́. Àwòrán kejì. Bí agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo bá wà ní ìlú, tí ẹni tó bá fẹ́ṣẹ́ kò ní ibòmíràn láti lọ, agbanisíṣẹ́ náà á máa san owó tó kéré sí ohun tí iṣẹ́ ènìyàn ń mú wọlé, á sì tún máa gba ènìyàn díẹ̀, nítorí pé bó bá fẹ́ fi owó gidi fa ẹni tuntun, ó ní láti fi kún ti gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀. Níbẹ̀, bí òfin bá gbé owó ọ̀yà sókè, iṣẹ́ tilẹ̀ lè pọ̀ sí i.

Mo ka ojú ewé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.  Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì mélòó ló wà ní Trieste? Ọkùnrin kóòtù eérú yẹn mọ àwòrán yìí. Kò yà á fún wa.

Nives ní, "Àǹtí, kò sí nínú ohun tó máa béèrè."

Mo ní, "Ó wà nínú ohun tí màá dáhùn."

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Èrèlé

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí oòrùn àti bora bá jọ wá lónìí, òtútù ti parí. Àwọn méjèèjì jọ wá. Òtútù ò gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Èrèlé

Ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé.

Zanier tún bọ́ aago rẹ̀ sórí tábìlì. Ó bi mí nípa ilé iṣẹ́ méjì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí ahọ́n mi gbọ́ tèmi. Ó mi orí. Ó wá béèrè pé bí ìjọba bá ní kí owó ọ̀yà ga ju bí ọjà ṣe fi í sí lọ, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ìdáhùn tó ń fẹ́, ọmọdé ẹ̀ka wa mọ̀ ọ́n: àwọn kan á pàdánù iṣẹ́.

Mo ní, "Ó dá lórí iye agbanisíṣẹ́ tó wà níbẹ̀."

Mo gba ẹfun, mo ya àwòrán kejì yẹn. Ó jẹ́ kí n parí.

"Mi ò ní kí ẹ ka èyí."

"Ó wà nínú ìwé tí ẹ ní ká rà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Zanier kò rẹ́rìn-ín. "Ó dára. Ẹ ń sọ pé níbẹ̀, bí wọ́n bá ń fi kún owó ọ̀yà, iṣẹ́ ò ní dín kù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Títí dé ibo?"

Mo wo àwòrán mi. Àwòrán náà wò mí.

"Títí dé ibo, ìyáàfin? Ṣé kò lópin ni?"

Mi ò mọ̀. Mo ti sáré ka ibi tó dùn mọ́ mi, mo sì pa ìwé dé.

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. "Méjìdínlógún nínú ọgbọ̀n. Fún obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì, ní ọjọ́ orí yín, ohun ìyìn ni. Ẹ gbà á kí ẹ lọ sinmi. Àánú ni mo fi ṣe é."

Méjìdínlógún, ìyẹn ni pé mo yege. Gbogbo rẹ̀ ì bá ti parí níbẹ̀. Mo ti ń rí ara mi nílé tí mo ń fi omi gbígbóná wẹ̀, mo ti ń rí ojú ọ̀gá wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àánú yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

"Mi ò gbà á."

"Kí ni ẹ ò gbà?"

"Méjìdínlógún. Mo ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́."

"Ẹ ní ẹ̀tọ́. Ẹ ò ní ọgbọ́n."

"Òun náà ni mo wá ń wá níbí."

Mo wọ kóòtù mi. Nives ló kàn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n gbọ́ tirẹ̀. Ó ṣe é dáadáa níbẹ̀rẹ̀, ó dàrú láàárín, ó tún gbéra. Zanier fún un ní ogún. Ọmọ náà yíjú padà, ó wò mí, ó ní ní ohùn kékeré, "Èmi náà ò gbà á, ọ̀jọ̀gbọ́n."

Zanier di ojú. "Àrùn yìí máa ń ràn," ló wí.

A jáde sínú afẹ́fẹ́, a di okùn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítorí bora mú, a ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí adìyẹ gbé.

Ọjọ́rú, 7 Èrèlé

Duilio ní, "Ṣé òtítọ́ ni? O ní ó ti wà lọ́wọ́ rẹ, o sì gbé e padà fún un?"

"Mo gbé e padà."

Ó ní, "Ìwọ, mo mọ̀ ọ́. Ọmọ yẹn ńkọ́? Kí ni òun náà fi kọ ogún?"

Mo ní òun náà ti ń dàgbà ni. Duilio ní, "Tàbí ó kàn ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ." Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, mo lọ fọ abọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Èrèlé

Àjọ̀dún ìdíbọ́n. Mo gbé odidi agbo ènìyàn tó múra bí adìyẹ padà láti Muggia, wọ́n mutí, wọ́n ń kọrin ní gbogbo ọ̀nà. Ọ̀kan fún mi ní crostoli, ìpanu díndín, ṣúgà rẹ̀ dà sára ìdarí ọkọ̀. Ó bi mí pé kí ni mo ń kà ní ibi iná tó ń dá wa dúró. Mo ní owó ọ̀yà. Ó ní, "Ìyá, kíkà kọ́ o, gbígbà ni."

Ọjọ́bọ̀, 15 Èrèlé

Nives kùnà nínú ìdánwò kejì tó ní, ti ìtàn ọrọ̀ ajé, èyí tó fi ọkàn lé. Ibùsùn rẹ̀ ti wá rọ̀ mọ́ Zanier nìkan. Kò sunkún. Ó ní, "Á ṣeé ṣe, Àǹtí. Ẹ̀yin ò bẹ̀rù rẹ̀, èmi náà ò bẹ̀rù rẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19 Èrèlé

Òjò. Bora ti lọ, ìlú rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Mo ti mọ ibi tó dé. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mo ka orí náà ni ojú mi là. Ó ní òpin lóòótọ́. Inú bí mi pé Zanier tọ̀nà, inú mi sì dùn pé mo mọ̀ ọ́n. Ìrọ̀lẹ́, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Nives. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, ó ń sọ pé ó yé òun. Ojú rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n bi í ní ìbéèrè. Mo jẹ́ kó máa lọ nítorí pé ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Èrèlé

Zanier kò kí mi. Ibi tí a dúró sí ló ti mú un. "Títí dé ibo?"

Mo gba ẹfun. "Títí dé ibi tí owó tó ń fa òṣìṣẹ́ wá bá pàdé owó tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú wọlé. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ìdáhùn tí ẹ ń fẹ́ nígbà yẹn di òótọ́: iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù."

"Ní ìlú gidi, tí kò sí pátákó níbẹ̀, báwo lẹ ṣe máa mọ ojúkò náà?"

"Mi ò mọ̀."

"Àwa náà ò mọ̀ ọ́n dájú. Òun ni a ń jà lé lórí." Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ pé "àwa" níwájú mi.

Ó ní kí n fi ìṣirò gbè é. Mo fi àmì àyọkúrò síbi tó yẹ kí n fi ti àròpọ̀ sí, ó sì mú mi. Mo tún un ṣe. Ó bi mí ní ohun méjì sí i, mo mọ ọ̀kan. 

"Márùndínlọ́gbọ̀n. Ṣé ẹ gbà á, àbí kí a tún pàdé?"

"Mo gbà á."

Ó fọwọ́ sí i. Kó tó mú aago rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Méjìdínlógún ọjọ́ yẹn, ṣé mo rẹ́ yín jẹ ni?"

Mo rò ó dáadáa. "Rárá. Iye tí mo mọ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Máàkì náà yẹ mí, ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí ẹ fi sìn ín wá ni kò yẹ mí."

 Ó ní, "Mo gbọ́ yín." 

Ì bá dára ká ní ibẹ̀ ni ọjọ́ náà parí sí.

Nives jókòó. Ìbéèrè àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ méjì. Ẹfun kán sí i lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Zanier dúró dè é, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ó dúró dè é gan-an ni. Ó fi ìbéèrè tó rọrùn kún un. Ọmọ náà kàn ń wo pátákó.

"Padà wá lóṣù kẹfà, ọmọ mi," ni Zanier wí, pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́rú, 28 Èrèlé

Bàbá Nives wá gbé e pẹ̀lú ọkọ̀ tó fi ń kó wàrà. Mo lọ sí ibùgbé wọn kí n bá a gbé ẹrù. Nives gba àpótí kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ẹ fi sílẹ̀, ìyáàfin."

Ìyáàfin. Ó ti di ìyẹn padà.

Mo ní, "Nives, mo mọ bó ṣe rí lára."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ní iṣẹ́. Ẹ ní ọkọ tó ń se ọbẹ̀. Bí ẹ bá kùnà, ẹ máa padà sórí bọ́ọ̀sì yín. Ẹ lówó tí ẹ lè fi ra ìgbéraga. Èmi, wíwín ni mo wín tèmi lọ́wọ́ yín."

Bàbá rẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.  Wọ́n wakọ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 4 Ẹrẹ́nà

Wọ́n ra àkàrà òyìnbó fún mi ní ibùdó bọ́ọ̀sì. Ọ̀gá wa náà jẹ níbẹ̀. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú oríire." Mo ní nígbà tí a bá tún jókòó lórí owó ọ̀yà, kó má pe ọkùnrin kóòtù eérú wá, tàbí kó pè é, èmi á jókòó níwájú. Àwọn awakọ̀ pàtẹ́wọ́. Àkàrà náà ò dùn lẹ́nu mi.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Mi ò kábàámọ̀ pé mo kọ méjìdínlógún. Lọ́la, màá tún kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn kọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kó wo ẹni tó ń kọ̀ ọ́ tẹ̀lé e kó sì dákẹ́ nítorí pé ó wù ú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Ẹrẹ́nà

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Udine, mo wọ bọ́ọ̀sì méjì gun òkè Carnia. Awakọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ń gba kọ́nà bí ẹni tí kò ní ọmọ nílé. Yìnyín ṣì ga dé fèrèsé lábúlé wọn.

Nives ló ṣílẹ̀kùn. Bàtà rọ́bà ló wọ̀, òórùn wàrà wà lára rẹ̀.

"Ṣé ẹ wá bẹ̀ mí ni?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ wá fún mi nímọ̀ràn?"

"Mo wá bi ọ́ ní ìbéèrè. Ilé iṣẹ́ méjì ló wà nínú ọjà. Ọ̀kan fẹ́ mọ iye tí á ṣe jáde. Kí ló kọ́kọ́ máa wò?"

Ó dúró síbẹ̀, òtútù ń wọlé. Ìyá rẹ̀ kígbe láti inú pé kí ẹni tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà yáa wọlé tàbí kó lọ, igi ìdáná kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo wọlé. Ìyá náà gbé frico síwájú wa, wàràkàṣì àti ànàmọ́ tí wọ́n dín títí ó fi pọ́n. A jẹun.

Nives ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mi ò kábàámọ̀ pé mo kọ ogún yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò mọ ìdí tí mo fi kọ̀ ọ́."

"Ṣé o ti mọ̀ ọ́n báyìí?"

"Mo mọ̀ pé mo mọ̀ ju ogún lọ. Mi ò lè sọ ọ́ síta ni."

"Wàá sọ ọ́ síta. Yàrá wà nílé wa, èmi àti Duilio nìkan la wà níbẹ̀. Máa bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde."

"Màá san owó rẹ̀."

"A ò gba owó."

"Mi ò wá nìyẹn."

Mo wò ó. Ó gbójú mọ́ mi. "Ó dáa," ni mo wí, "Duilio á gba owó. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí á san owó ọbẹ̀ rẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó nu tábìlì, ó fa bébà sún mọ́ ara rẹ̀, ó ya ìlà kan, ó ya ìkejì. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń yà á. Ó ṣe dáadáa títí dé àárín, ibi tó ti dàrú mọ́ ọn lójú lọ́jọ́ yẹn, ó sì fò ó kọjá kíákíá, ó ń retí pé kí n má rí i.

Mo rí i. Mo ní, "Kò tíì tó."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

Ó yí bébà náà padà sí ẹ̀yìn, ó sì tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀.